Bí ọmọ ológun bá ń sọdá òkun: iṣẹ́ tó kù sílé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn òbí, àwọn ìjòyè àti àwọn aláṣẹ níbi àpéjọ ọdún ìbílẹ̀ ní Issaba

 

Nígbàkúùgbà tí ìlú bá pé jọ báyìí, a máa ń bèèrè àwọn tí kò sí níjòókòó. A ń bèèrè àwọn tó wà ní Kútọnu, àwọn tó wà ní Èkó, àwọn tó ń ṣòwò ní Gabon. Àwọn kan wà tí ẹnu kì í sábà kàn: àwọn ọmọ tó wọ aṣọ ológun, tí ìjọba kọ orúkọ wọn mọ́ àwọn tí yóò lọ ṣọ́ àlàáfíà ní ilẹ̀ òkèèrè. Bí a bá bèèrè wọn lọ́wọ́ ìyá wọn, ìdáhùn kúkúrú ni: «Ó wà lẹ́nu iṣẹ́.» Ìyá á sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òní dá lé. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọjọ́ tí ọmọ ń lọ ni ìrànlọ́wọ́ wà, pé àdúrà, oúnjẹ ọ̀nà àti omijé ni gbogbo rẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn dára. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ọkàn ọmọ ogun balẹ̀ ní ilẹ̀ tí kò mọ̀ ni ìwé tó tọ́ nílé, owó tí kò dá ìjà sílẹ̀, àti fóònù tí kò gbé wàhálà lọ bá a.

Kí a tó bá ìyá kankan wí pé ẹkún rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó yẹ kí a rántí ibi tí ẹkún náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí yìí, iṣẹ́ sójà kò kọ́kọ́ wọlé bí iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Ní 1912, ìjọba Faransé ṣe òfin tó jẹ́ kí wọ́n lè fi ipá mú àwọn ọ̀dọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wọ iṣẹ́ ológun. Ogun àgbáyé kìíní bẹ́ ní 1914, ìlérí kò tó mọ́, ènìyàn ni wọ́n ń kó. Àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀. Láàárín 1914 sí 1916 wọ́n dìde sí àwọn aláṣẹ Faransé, wọn kò fẹ́ owó orí, wọn kò sì fẹ́ kí wọ́n kó ọmọ wọn lọ. Ẹrẹ̀ ilẹ̀ dúdú àfonífojì Issaba, èyí tí gbogbo wa mọ bó ṣe ń mú bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn bí òjò bá ti rọ̀, ni ó ṣe odi fún wọn. Láti Kétu wá sí ìhà ibí, ọ̀pọ̀ agboolé di ẹrù wọn lóru, wọ́n sì sọdá ààlà lọ sí ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, tí í ṣe ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ìṣíkiri yẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wa fi ní ìbátan ní òdìkejì títí dòní, tí a kì í sì í rántí pé ọmọ ni wọ́n ń gbé sá.

Àwọn tí ọwọ́ bà lọ. Nǹkan bí 30,000 nínú àwọn ọmọ ogun tí Faransé kó ní ilẹ̀ Áfíríkà dúdú ni kò padà nínú ogun àkọ́kọ́ yẹn. Nínú ogun kejì, àwọn kan jà, Jámánì kó wọn lẹ́rú, wọ́n padà dé Thiaroye lẹ́bàá Dakar, wọ́n bèèrè owó oṣù tí wọ́n jẹ wọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1944, ìbọn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn òmìnira, owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó ológun tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà dúró sójú kan, ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Faransé sì ń gòkè. Ìgbà tó di 2006 ni ìjọba Faransé tó gbà láti mú owó àwọn tó jagun bá ara wọn dọ́gba. Ẹ ṣírò iye àwọn tí ikú ti mú kí ọdún yẹn tó pé. Ẹ tún ṣírò iye opó tí kò rí ìwé kankan fi hàn pé ọkọ wọn jagun rí.

Ti òní yàtọ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ kedere kí ẹ̀rù àtijọ́ má baà di ẹrù lé ọmọ òní lórí. Ọmọ tó wọ iṣẹ́ ológun Bẹ̀nẹ̀ lónìí fúnra rẹ̀ ló lọ kọ orúkọ. Àwọn ọmọ ogun wa ti lọ sí Kódìfúà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí a ń pè ní ONU, láti 2004 wá títí iṣẹ́ náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2017. Wọ́n ti lọ sí Kóńgò, wọ́n dé Kalemie létí adágún Tanganyika. Wọ́n lọ sí Màlì, níbi tí iṣẹ́ ONU ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 2013 tó sì parí ní ìgbẹ̀yìn oṣù Kejìlá 2023. Kò sí ìdí láti fi òtítọ́ pamọ́: ti Màlì wà lára èyí tó pa ènìyàn jù nínú iṣẹ́ ONU, ó lé ní 300 onífìlà búlúù tó kú níbẹ̀, láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Ní oṣù Kejì 2024 ni ìròyìn tún jáde pé Bẹ̀nẹ̀ ti ṣe tán láti rán 2,000 ọmọ ogun lọ sí Haiti. Ọ̀pọ̀ ìyá kò gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Haiti ṣì ń bọ Ògún títí dòní, Ogou ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìhà tiwa ló gbé e dé ibẹ̀.

Àwa náà sì ti jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè fún ọmọ ẹlòmíràn rí. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2003, ọkọ̀ òfuurufú kan já sí etíkun Kútọnu. Ọ̀gágun Bangladesh 15 wà lára àwọn tó kú. Iṣẹ́ àlàáfíà ni wọ́n ti ń bọ̀ ní Sierra Leone àti Làìbéríà, ilé ni wọ́n ń lọ. Àwọn ìyá kan wà lọ́hùn-ún tó jẹ́ pé orúkọ Kútọnu tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́ láyé wọn, ọjọ́ yẹn ni.

Ó dáa, ọmọ ti gba ìwé pé òun ń lọ. Kí ni ilé yóò ṣe?

Ọ̀rọ̀ àdúrà kò ní pẹ́ lẹ́nu wa. Ẹni tó fẹ́ bọ Ògún, kó bọ Ògún. Ẹni tó fẹ́ kí pásítọ̀ tàbí àlùfáà gbàdúrà, kó gbà á. Onímàle náà yóò ṣe tirẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí wọ́n máa jà lé ọmọ lórí lọ́jọ́ tó kù ọ̀la, kí ìyá ní kó jẹ èyí, kí ẹ̀gbọ́n bàbá ní kó má jẹ ẹ́. Ẹni tó bá sì fún un ní ayẹta, kó tún sọ fún un pé kó má bọ́ àkẹtẹ̀ ogun àti ẹ̀wù adènà ọta tí ìjọba fún un. Ó ṣe é ṣe kí ọmọ gbọ́ràn sí bàbá lẹ́nu ju bó ṣe máa gbọ́ ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn láti ẹnu bàbá tóbi.

Ìwé ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń fi nǹkan falẹ̀ jù. Kí ọmọ ogun tó lọ, wọn yóò bèèrè ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ àti àwọn tó ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan bí àpẹẹrẹ. Àdùkẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé. Philomène ni lórí ìwé ìrìbọmi. Orúkọ ìdílé rẹ̀, ẹni tó kọ ìwé ìbí kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, ẹni tó ṣe káàdì ìdánimọ̀ tún un kọ lọ́nà mìíràn, olùkọ́ tó kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ nílé ìwé sì ní tirẹ̀. Lójú àwa tí a mọ̀ ọ́n, ènìyàn kan ṣoṣo ni. Lójú ọ́fíìsì tó wà ní Kútọnu, ènìyàn mẹ́ta ni, kò sì sí èyí tó dájú pé òun ni ìyá ọmọ. Títún irú èyí ṣe lè gba oṣù, ó sì lè dé ilé ẹjọ́. Bí ọmọ bá wà nílé, òun fúnra rẹ̀ á sáré rẹ̀. Bó bá ti lọ tán, ta ni yóò sá a? Nítorí náà, bí ọmọ bá ti wọ iṣẹ́ ológun, kí ẹ má dúró de ọjọ́ ìrìnàjò. Ẹ kó gbogbo ìwé jọ sórí tábìlì kan, kí ẹni tó mọ̀wé nínú ẹbí fi ìkankan wé èkejì, lẹ́tà sí lẹ́tà. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, kí ẹ mú un lọ sí ilé iṣẹ́ mérì tàbí ANIP, kí wọ́n sọ ọ̀nà tí ẹ óò gbà.

Ti ìyàwó le ju ti ìyá lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ti ṣe ìdána, wọ́n ti gba obì, àwọn àgbà méjèèjì ti wúre, ọmọ méjì ti délẹ̀. Ní Issaba, ìyàwó rẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n Òfin 2002-07 ti ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2004, tó dá lórí ènìyàn àti ẹbí, kò ka ìgbéyàwó kún àyàfi èyí tí a ṣe níwájú aláṣẹ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní mérì. Ìyàwó kan ṣoṣo ni òfin náà sì mọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dùn-ún sọ níwájú àwọn ìyáálé àti ìyàwó tó pé síbí lónìí, ṣùgbọ́n ó sàn kí a gbọ́ ọ níbi ọdún ju kí a gbọ́ ọ níbi ọ̀fọ̀ lọ. Obìnrin tí kò ní ìwé yẹn lè sunkún dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, kí wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ dá a padà. Ìdána kò bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a ní kí ẹ pa á tì. Kí àwọn méjèèjì kan tún lọ sí mérì ni.

Ti àwọn ọmọ rọrùn díẹ̀. Òfin yẹn kò ya ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a bí níta, ohun tó ṣáà ń wá ni orúkọ bàbá nínú ìwé ìbí. Bí ọmọ ogun bá ní ọmọ níbì kan tí ẹbí kò tíì mọ̀, ọjọ́ tó ń múra àtilọ ni ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́wọ́. Kí bàbá àgbà má fi igi nà án. Kí ó bèèrè ibi tí ọmọ wà, kí wọ́n sì lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Owó ńkọ́? Àwọn kan gbọ́ «ONU», wọ́n rí dọ́là lójú. ONU kì í fi owó lé ọmọ ogun lọ́wọ́ tààrà. Orílẹ̀-èdè ni ó ń san owó fún, ní 2019 iye náà jẹ́ 1,428 dọ́là lórí ọmọ ogun kan lóṣù, orílẹ̀-èdè ni yóò sì san ti ọmọ ogun gẹ́gẹ́ bí ipò àti ìlànà rẹ̀. Owó lè pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó bá ti jẹ gbèsè sílẹ̀ ní ìrètí owó ọmọ yóò rí ojú onígbèsè lójoojúmọ́, òun náà yóò sì máa pe ọmọ lójoojúmọ́. Ní oko, ní Pobè, ní Sakété, a ti gbọ́ ti ẹni tó ń fi owó ilé ránṣẹ́ sí àbúrò fún ọdún kan gbáko, tó padà dé tó bá koríko níbi tí àwòrán inú fóònù ti fi ògiri hàn án. Kò sí ẹni tó burú nínú ìtàn yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò jókòó sọ̀rọ̀ ni.

Kí wọ́n jókòó, kí ọmọ tó lọ. Iye wo ni ti ìyàwó àti ọmọ? Iye wo ni ti ìyá àti bàbá? Èló ni yóò wà ní báńkì tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn? Ta ni ó ní ìwé àṣẹ láti gbà á bí àìsàn bá dé? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àgbà kan tí kì í jẹ nínú owó náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ ra alùpùpù fún zẹ́mì, kó sọ ọ́ níbẹ̀, kí wọ́n dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kó má dúró di òru kó máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ọ̀rọ̀ fóònù dé nìyẹn. Láyé àwọn bàbá wa, ọmọ lọ, ó di ọdún mẹ́ta, kò sí ìròyìn. Lónìí, ìròyìn ti pọ̀ jù. Orí ilé jò, ọmọ ogun gbọ́ ọ. Ìyàwó àti ìyá ọkọ bínú síra wọn nítorí igbá ata, méjèèjì ló pe ọmọ ogun, ọ̀tọ̀ ni ohun tí oníkálukú sọ. Ó wà lórí ìṣọ́ lálẹ́ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, igbá ata ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kí ilé yan ẹnì kan tí yóò máa kó ìròyìn lọ, kí ẹni náà mọ ohun tó yẹ kó sọ lónìí àti ohun tó lè dúró. Ikú àti àìsàn líle kò ṣe é fi pamọ́. Ìjà àárín ilé ni kí ilé parí fúnra rẹ̀. Kí wọ́n mọ aago ibẹ̀ pẹ̀lú: bí ó bá jẹ́ agogo mẹ́jọ alẹ́ ní Issaba, agogo méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ni ní Haiti, ó dá lórí ìgbà ọdún. Ní Kalemie, agogo mẹ́sàn-án ti lù.

Bí ọmọ kò bá gbé fóònù fún ọjọ́ mẹ́rin, kò túmọ̀ sí ohun tí àyà ń rò. Ibùdó lè má ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀gá sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n pa gbogbo fóònù. Ní àkókò bẹ́ẹ̀ ni ohùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀ máa ń wọ WhatsApp pé «wọ́n ti pa àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀». Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ló yẹ kó mú un wá fún ẹni tí ọmọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ará àdúgbò má sáré gbé fóònù lọ han ìyá. Àwòrán tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti ibùdó náà, kí ẹ̀gbọ́n má gbé e sórí Facebook láti fi yangàn. Ọ̀tá pẹ̀lú ní fóònù.

Àfikún kékeré fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì wọ iṣẹ́ kankan, tí ẹnìkan sì ń ṣèlérí fún wọn pé òun yóò mú wọn wọ ogun ilẹ̀ òkèèrè. Ẹgbẹ́ ogun àwọn àlejò ti Faransé, Légion étrangère, kì í gba ènìyàn ní ibòmíràn àyàfi ní ilẹ̀ Faransé, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ẹni tó bá gba owó yín ní Kútọnu lórúkọ wọn, olè ni. Àwọn ọmọ Áfíríkà mìíràn sì wà tí wọ́n fi ìlérí iṣẹ́ lásán tàn dé Rọ́ṣíà, tó jẹ́ pé ojú ogun Ukraine ni wọ́n bá ara wọn. Kí òbí bèèrè ìwé, kí ó mú un dé ọ́fíìsì ìjọba kí ọmọ tó gbéra.

Ó ku ohun tó kan àwọn aláṣẹ. Bí olórí arrondissement àti àwọn olórí abúlé bá lè ní ìwé kan tí orúkọ ilé tí ọmọ wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun lókèèrè wà nínú rẹ̀, kí á pa á mọ́ dáadáa, kó má di ohun tí gbogbo ènìyàn ń kà, ó pọ̀. Ọdún á dé, wọn á mọ ìyá tó yẹ kí wọ́n fi ìjókòó fún. Ìwé á dé ní èdè Faransé, wọn á mọ ilé tí kò sí ẹni tí yóò kà á. Ẹgbẹ́ àṣà náà lè yan olùkọ́ kan tàbí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan fún iṣẹ́ yẹn. Kò gba owó púpọ̀.

Iṣẹ́ náà kì í gùn títí ayé, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìgbà tí ọmọ bá dé gan-an ni àwọn ilé kan máa ń ṣe àṣìṣe tó kẹ́yìn: ilé kún fún àlejò, gbogbo ènìyàn ń retí ẹ̀bùn, àwọn ọmọdé ń bèèrè iye ènìyàn tó pa. Kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò sọ fún ẹni tó bá wù ú, lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń yan gààrí, ó sì lè má jẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí oorun kò bá kùn ún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí ó ń bínú láìnídìí, tí ọtí ti wọ ọ̀rọ̀, kí wọ́n mú un lọ bá dókítà àwọn ológun láìtijú. Kì í ṣe èèdì, kì í sì í ṣe ojo.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, àwọn ọdẹ àti àwọn tó máa ń yin ìbọn níbi ọdún àti ìsìnkú ló ni ín. Ìró yẹn, ìdùnnú ni lójú wa. Ẹni tó ti Màlì dé lè gbọ́ ọ kó dojú bolẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, kí ojú sì tì í kó má jáde mọ́ títí ọdún fi parí. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wà lójú ọ̀nà ìjó, ẹ rán ọmọdé kan lọ sọ fún un kí ẹ tó yìn ín.